Agogo Tí Mo Lù ní Yàrá Ohùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Òjò yìí kò ní í dá láyé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó jí, bóyá kí wọ́n tó bí mi pàápàá. Omi ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ìkejì ti omi sẹ́yìn. Dátà sì tún ti gbówó lórí.

Àǹtí Ohùn pè mí láàárọ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ Bàbá àti àwọn yòókù ní ọsibítù bí èèyàn ṣe ń gbé ayé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ibi tí ohùn ń gbà jáde kúrò lọ́fun rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n dá Yàrá Ohùn sílẹ̀ lórí ayélujára, kí àwọn aláìsàn wọn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ọsibítù ti ń kùn. Ọgọ́ta èèyàn ló wà nínú yàrá náà, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kò sì kún ọwọ́ kan. Tí kò bá yí padà kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n máa tì í pa.

"Ìwọ lo mọ fóònù," ni Àǹtí wí. "Ìwọ náà lo ṣètò ti gbogbo wọn. Gba kọ́kọ́rọ́ agogo, kó o máa pè wọ́n wọlé."

Agogo ni à ń pe ọ̀rọ̀ kúkúrú tó máa ń já lu ojú fóònù, tó ń sọ féèyàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, kó máa bọ̀; ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lórí fóònù rẹ̀ ló lè lù ú.

Èmi ni mo ṣètò fóònù wọn lóòótọ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, mo kọ́ fóònù kọ̀ọ̀kan láti máa ka ọ̀rọ̀ síta ketekete. Ẹni tí kò lóhùn á tẹ ohun tó fẹ́ sọ, fóònù á bá a sọ ọ́. Mo ṣe é débi pé àwọn tó rọ fóònù gan-an ì bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Nítorí Bàbá ni mo ṣe gba kọ́kọ́rọ́ náà. Láràárọ̀, wọ́n máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ṣí Yàrá Ohùn, wọ́n á ka ohun tí Màmá Tíṣà kọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Tíṣà, wọn kì í kọ ju ìlà méjì lọ, ohun tí wọ́n rí lójú fèrèsé tiwọn ni. Tòní ni pé: "Ológbò aládùúgbò ti gba garawa mi. Ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá yálé lọ́wọ́ rẹ̀." Bàbá kà á tán, èjìká wọn mì díẹ̀. Ẹ̀rín wọn nìyẹn báyìí. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, n kò tíì rí nǹkan mìíràn tó mi èjìká yẹn.

Àwọn fúnra wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, wọn kò sì jẹ́ kí fóònù bá wọn sọ̀rọ̀. Òòlù kékeré tí wọ́n fi ń lu gbàǹjo ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá ti kọjá ìyẹn, kí kálukú wá ibi sá sí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ké "Mo pè é lẹ́ẹ̀kan!" nídìí ọjà gbàǹjo, òkú ọ̀run á fẹ́ nawọ́ sókè kó ra àga!

Tí wọ́n bá ti Yàrá Ohùn pa, kí ni Bàbá á máa jókòó tì lójú fèrèsé yẹn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo lu agogo àkọ́kọ́: "Ẹ sáré wá! Ohun tójú ò rí rí ti ṣẹlẹ̀ ní Yàrá Ohùn!"

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo kí wọn pé ẹ káàárọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n wá! Gìrìgìrì, bí adìẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Dírẹ́bà, bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù tẹ gbogbo ọ̀nà ayé pẹrẹsẹ, kọ ọ́ pé, "Ohun náà dà?" Mo fèsì pé, "Ẹ̀yin náà ni, bàbá. Ojú wa ò rí yín rí." Wọ́n fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹlòmíì ní òun ò mọ̀ pé yàrá náà ṣì wà. Àǹtí Ohùn ní mo káre.

Ta ló dà bí mi?

Ọjọ́bọ̀, 6

Lónìí mo lù ú pé: "Ẹ sáré wá o! Ẹ̀rín àrín-tàkìtì ń bẹ níbí! Ẹni tí kò bá wá ti pàdánù!" Ẹ̀fẹ̀ nípa ọkùnrin tó sín ni mo fi síbẹ̀, kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Yàrá kún fọ́fọ́.

Màmá yọjú láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irọ́ lo fẹ́ fi kọ́lé?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá. Mo kàn fi díẹ̀ lé e ni."

"Díẹ̀? Abájọ tí bàbá ẹ fi sọ ẹ́ ní Àsọdùn. Wọ́n ti rí ẹ kó o tó hu eyín."

Bàbá kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò. Agogo láàárọ̀, agogo lọ́sàn-án, agogo nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n ti ń dín kù. Àwọn kan ti pa agogo lórí fóònù wọn, áàpù fi hàn mí. Mo ní etí tó bá di, ariwo gidi ló kù ú kù. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹnì kan nínú yín wà nínú ewu!" Ewu tí mo ní lọ́kàn ni pé òun ni kò tíì kí wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Dírẹ́bà dáhùn: "Ewu wo? Mo sáré jáde nínú balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Mo ti fi orí gbá ilẹ̀kùn. Èmi gan-an ni mo wà nínú ewu."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì sí mi, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo rí i pé wọ́n fi aṣọ ìnura wé fóònù wọn. Mo rò pé nítorí òjò ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo tún lu ti ẹ̀rín àrín-tàkìtì, nítorí òun ló ṣiṣẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

N kò mọ bí màá ṣe kọ eléyìí.

Àǹtí Ohùn wá sílé wa fúnra wọn. Omi ń kán lára agboòrùn wọn sílẹ̀, Màmá fún wọn ní àga, wọn ò jókòó.

Àná ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú fóònù wọn, ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n dúró létí sàréè, wọ́n gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fóònù ń bá wọn kà á. Ó kà á débi pé ẹ̀gbọ́n wọn ló di ọwọ́ wọn mú lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni agogo mi já lù ú. Ohùn kan náà, láìdánudúró: "Ẹ sáré wá o! Ẹ̀rín àrín-tàkìtì ń bẹ níbí! Ẹni tí kò bá wá ti pàdánù!"

Òkú wà nínú ihò, gbogbo ẹbí yíjú sí Màmá Tíṣà. Ẹnu wọn ló ti jáde. Ta ni wọn ò bá bi? Ọmọ olóògbé ní kí wọ́n mú Màmá Tíṣà kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mo sọ fún fóònù yẹn pé kó máa ka gbogbo ohun tó bá dé ojú rẹ̀. N kò yà á sọ́tọ̀, èyí tí olówó rẹ̀ tẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíì fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe ṣe é fún Màmá Tíṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é fún gbogbo wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń lu agogo, ẹnu wọn ni mo ń gbà sọ̀rọ̀, ní ilé ìfowópamọ́, níwájú àwọn àna wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

Àǹtí Ohùn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Fóònù ni lọ́wọ́ tèmi tìẹ. Lọ́wọ́ tiwọn, ẹnu ni." Wọ́n gbé agboòrùn wọn, wọ́n lọ.

Bàbá tú aṣọ ìnura lára fóònù wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún un wé.

Ọjọ́ Ajé, 17

Màmá Tíṣà kò kọ nǹkan kan. Bàbá ò jókòó sí fèrèsé. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sógiri, òòlù wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Màmá ń ránṣọ, wọn ò bá mi wí. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Jẹun." Mo ní ebi ò pa mí. Èmi, tí mo lè jẹ ìkòkò mọ́ ìdérí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo lọ sílé Màmá Tíṣà.

Yàrá wọn mọ́ tónítóní, àwọn àga tò bíi pé àwọn ọmọ kíláàsì máa tó wọlé. Wọ́n fi pátákó kékeré kan kọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì wà nínú àpò ẹ̀wù wọn. Fóònù wà nínú àpótí tábìlì, wọ́n ti pa á. Lójú fèrèsé, ológbò kan dùbúlẹ̀ sínú garawa, ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó: "Ìwọ ni agogo?"

Mo kúnlẹ̀.

Wọ́n nù ún, wọ́n tún kọ: "Dìde. Orúnkún kì í tún fóònù ṣe."

Mo dìde. Mo ní kí wọ́n nà mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá ẹbí wọn, kí n sọ fún wọn pé èmi ni.

"Dandan ni kó o ṣe ìyẹn," ni wọ́n kọ. "Ní ilé ìwé mi, ẹni tó bá lu agogo láìnídìí á lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, á sọ pé òun ni, á sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kíláàsì rẹ mélòó?"

"Ọgọ́ta, mà."

Wọ́n nu pátákó, wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, Bàbá mi kì í ka ti ẹlòmíì. Tiyín nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn ò jókòó sí fèrèsé mọ́. Ṣé ẹ máa padà wá?"

Wọ́n nu pátákó tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn. Bàtà mi ti ṣí ẹnu, ó ń mu omi ojú títì. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọmọ olóògbé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó ti yé mi," ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó jìnnà, mo ń pe àwọn ọmọ wọn lórí fóònù. Ibi yòówù kí n dé, ohun kan náà ni: èmi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún fóònù yín ṣe. Lẹ́yìn náà mo ń béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ká máa pè wọ́n, àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ.

Dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn. Fóònù wọn sì ní ohùn ọmọbìnrin tín-ín-rín kan: "Ìyá Ewu, káàbọ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó ń kú lónìí?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo tún fóònù ṣe, mo sì fi ohùn ọkùnrin sí i fún wọn láti fi tù wọ́n lójú. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kíákíá: "Dá ọmọbìnrin yẹn padà! Òun nìkan ni ìyàwó mi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Ìyàwó wọn fọhùn láti ilé ìdáná pé, "Òótọ́ ni!"

Wọ́n ní kí n má pè wọ́n àfi tẹ́nì kan bá ń béèrè nípa ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíì ní ọjọ́ Àìkú nìkan. Ṣùgbọ́n màmá kan wà ní òpin títì náà, tó ń dá gbé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: "Má lu agogo fún mi. Bi mí ní nǹkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọ̀fun mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun mọ́."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí mo ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ Dírẹ́bà, ọmọbìnrin inú fóònù wọn ké sí mi: "Kí ni bàbá tìẹ fẹ́?"

N kò tíì bi wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Bàbá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa pè yín?"

Afẹ́fẹ́ ń gba ihò ọrùn wọn wọlé, ó ń jáde. Wọ́n nawọ́ mú pépà tí Màmá fi ń gé àwòṣe aṣọ, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè. Èmi ni mo máa ń pe èèyàn."

Mo jáde síta, mo dúró sínú òjò. Gbogbo bí mo ṣe gbọ́n tó yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ agogo sórí fóònù Bàbá. Wọ́n kan irin ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì: bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò bá wọn jà. Mo kàn kọ agogo kan sílẹ̀ láì fi í ránṣẹ́, "Ẹ wá gbọ́ o, ọ̀rọ̀ ńlá!", mo gbé e sílẹ̀ níwájú wọn, mo lọ fọ abọ́.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Dírẹ́bà, ọmọ ìyá mi ra ọkọ̀ kan, ó ń hó tó bá gun òkè. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?"

Òótọ́ ni, ọkọ̀ àbúrò wọn ń hó. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Dírẹ́bà nìkan. Inú yàrá ni Dírẹ́bà kọ èsì sí, ó gùn bí ọ̀nà tí wọ́n ti wakọ̀ gbà. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, omi ló ń jò. Wọ́n jà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá kọ ọ́ fún mi sẹ́yìn pépà Màmá: "Ẹni tó ń pariwo sí gbogbo ọjà kò pe ẹnì kankan. Wo ojú ẹnì kan. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kó o pè, má pe àpáàdì ní àwo. Wọ́n á rà á lónìí, wọn ò ní í wá lọ́la."

Màmá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, pépà mi yẹn, aṣọ oníbàárà ni mo fẹ́ fi gé o!"

Ọjọ́rú, 17

Bàbá bi màmá òpin títì bí wọ́n ṣe ń fọ ọ̀pá tó wà nínú ihò ọrùn wọn tí kì í fi í rùn. Wọ́n dáhùn. Àwọn mìíràn wá béèrè tiwọn. Gbogbo ọ̀sán ni màmá yẹn fi ń dáhùn.

Bàbá ti ń jókòó báyìí. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni, kì í ṣe fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹjọ

Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Orúkọ Màmá Tíṣà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣókùnkùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ pè wọ́n." Wọ́n kọ ọ́: "Agogo kì í dún nínú fóònù tí wọ́n ti pa."

Wọ́n wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí gbàǹjo, wọ́n fi òòlù sápò.

A rìn nínú òjò. Màmá Tíṣà ṣílẹ̀kùn, pátákó lọ́rùn wọn, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yọ fóònù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé wọn lọ́fun, wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ohùn náà gbẹ, bí ẹni ń ka ara páálí oògùn. Ó ní:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá Tíṣà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àga kan ní Yàrá Ohùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti lò ó díẹ̀. Ẹni tó ni ín mọ̀ nípa ológbò."

Màmá Tíṣà di etí ilẹ̀kùn mú.

"Mo pè é lẹ́ẹ̀kan."

Omi ń ti orí òrùlé kán sí Bàbá léjìká.

"Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá gbé òòlù sókè. Láti kékeré ni mo ti mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lókè níbẹ̀. Wọ́n dá òòlù padà sápò, wọ́n fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó pẹ́.

"N kò ní í kàn án. A kì í lu àga ẹni tó wà láàyè ní gbàǹjo."

Màmá Tíṣà wò wọ́n. Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.



Ọjọ́ Ẹtì, 30

Àǹtí Ohùn pè. Àwọn ọ̀gá ọsibítù ti yẹ yàrá náà wò, wọ́n ní àwọn ò tíì ní í tì í, àwọn á ṣì máa wò ó títí ọdún á fi parí. Mo rò pé màá fò sókè kí n fi orí lu òrùlé. N kò fò. Mo sọ fún Bàbá, wọ́n kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì padà sídìí ohun tí wọ́n ń kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31

Òjò ò rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń sá aṣọ nígbà tí agogo dún lórí fóònù mi. Kò sẹ́ni tó lu agogo fún èmi rí. Bàbá ló kọ ọ́: "Àsọdùn, wọ́n dárúkọ rẹ. Wá."

Mo ṣí Yàrá Ohùn tòun ti ọwọ́ tútù.

Màmá Tíṣà ti kọ ọ́: "Ológbò ti bímọ sínú garawa mi. Èyí tó kéré jù ló ń pariwo jù, ilé kò gbà á. Mo ti sọ ọ́ ní Àsọdùn."

Mo sáré wọlé. Bàbá wà lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn wọn ló kọ sí mi, èjìká wọn sì ń mì.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rín ni?"

Wọn ò yíjú. Wọ́n nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n wá òòlù kàn, wọ́n kan etí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan.